Fíìmù Olówó Pọ́ọ́kú: Wò Ó, Rẹ́rìn-ín, Kí O sì Sọ Tẹnu Rẹ

Àbúrò mi, jọ̀ọ́ sún mọ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìta. Mo mọ̀ pé o máa ń wo àwọn fíìmù tí ẹnikẹ́ni ò polówó: èyí tí òkú fi òwú dí imú, tó ń bá ọlọ́kadà ná owó ọkọ̀; èyí tí bàbá arúgbó ń lé ìyàwó kékeré kiri àgbàlá títí ṣòkòtò fi já sílẹ̀. Mo sì mọ̀ pé bí ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin bá ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn báyìí, kíá lo máa ń yí tẹlifíṣọ̀n sí ìròyìn. Kí ló dé? Ojú ta ló ń tì ọ́?

Wá sí Gáréèjì Ìkòròdú nírọ̀lẹ́, kí o dúró ti ọmọkùnrin tó ń kó fíìmù sínú mẹ́mọ́rì káàdì lábẹ́ agboòrùn. Awakọ̀ tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ á dé, ìyá ẹlẹ́ja á dé, ọmọ iléèwé gíga á dé. Kò sẹ́ni tó ń béèrè irú kámẹ́rà tí wọ́n fi yà á. "Ṣé ó pani lẹ́rìn-ín?" "Ṣé ó dẹ́rù bani?" Ìbéèrè wọn ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà á wo ojú oníbàárà rẹ̀, á ní, "Mọ̀mí, tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé lálẹ́, ẹ má gbé èyí o." Gbólóhùn kan péré. Ó ti sọ ohun tí fíìmù náà jẹ́, ó ti sọ ẹni tó yẹ kó wò ó, ó tún ti sọ àsìkò tó yẹ kí wọ́n wò ó. Àwọn mìíràn á kọ odindi ojú ewé sínú ìwé ìròyìn, wọn ò ní sọ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mò ń lọ ni pé èrò tìrẹ náà, èrò ni. O ò nílò ìwé ẹ̀rí kankan kí o tó sọ pé eré kan dùn tàbí kò dùn. Ohun tí o nílò ni kí o lè tọ́ka sí ibi tó ti dùn àti ibi tó ti bàjẹ́. Jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe ń ṣe é fún ọ.

Ìlérí ni kí o wò, má wo owó

Eré aláwàdà ṣèlérí ẹ̀rín fún ọ. Eré adẹ́rùbani ṣèlérí ìbẹ̀rù. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó ṣèlérí mọ́tò olówó ńlá tàbí ilé alájà mẹ́ta ní Lẹ́kí. Nítorí náà, bí ojú ògiri bá ṣí kúrò lára ilé "ọba," tí o rí i pé páálí ni, tàbí bí ọmọ àdúgbò kan bá dúró lẹ́yìn òṣèré tó ń wo kámẹ́rà tó sì ń juwọ́, rẹ́rìn-ín sí i kí o máa bá eré lọ. Ìgbà tí ìlérí bá yẹ̀ ni kí o tó bínú.

Ìkòròdú wa yìí náà ti fi èyí han gbogbo ayé. Àwọn ọmọ tó ń jẹ́ Ikorodu Bois bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù ya eré, wọ́n ń ṣe àfarawé ìpolówó àwọn fíìmù ńláńlá òkè òkun. Ohun tó wà nínú ilé ni wọ́n ń lò: bárò di ọkọ̀, igi di ìbọn, ìkòkò àti ike di ohun ìjà. Ní 2020 wọ́n ṣe ti *Extraction*, fíìmù Netflix tó jẹ́ pé ìjà àti ìbúgbàù ló kún inú rẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Russo tó ṣe ojúlówó fíìmù náà rí i, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ náà wá síbi ìfihàn àkọ́kọ́ apá kejì. Kí ni wọ́n rí? Bárò ni wọ́n rí, àwa náà rí i. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé àwọn ọmọ náà mọ ibi tí ó yẹ kí ojú wà, ibi tó yẹ kí ọwọ́ wà, àti ìgbà tó yẹ kí àwòrán yí padà. Ọgbọ́n ju agbára lọ, àbúrò mi.

Má sì jẹ́ kí àwòrán ojú páálí tàn ọ́. O rántí ìgbà tí a ń ra síídì: gbajúgbajà òṣèré ni wọ́n máa ń lẹ̀ ńlá síwájú, tí o bá délé, ìran kan ṣoṣo ló ti yọjú, ó ní "Ẹ káàárọ̀ o," ó ti lọ. Kì í ṣe àwa nìkan. Ní Ghana, ní àwọn ọdún 1980, àwọn ayàwòrán máa ń fi ọwọ́ kun pátákó fíìmù sórí àpò ìyẹ̀fun fún àwọn tó ń fi fídíò hàn kiri. Iwin olórí méjì lè wà nínú àwòrán náà kó má sì sí nínú fíìmù rárá. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti wò ó. Òun ló mọ̀.

Àwàdà: pa ohùn, lẹ́yìn náà kí o pa ojú dé

Ọ̀nà tí mo fi ń dán aláwàdà wò rèé. Kọ́kọ́ pa ohùn tẹlifíṣọ̀n fún ìṣẹ́jú kan. Bí o bá ṣì ń rẹ́rìn-ín, a jẹ́ pé òṣèré náà ń fi ara ṣiṣẹ́. Wo Moses Ọláìyá, Bàbá Sálà: agogo ńlá tó gbé kọ́rùn dípò tọwọ́, gíláàsì ràgàjì, táì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo àyà. Kó tó lanu, o ti mọ̀ pé ọkùnrin yìí ń wá ipò tí kò tó o.

Lẹ́yìn náà, tan ohùn padà, kí o yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí o kàn máa gbọ́. Ibí ni Bàbá Sùwé ti ń borí. Babátúndé Omídínà, ọmọ Ìkòròdú ni, Ìkòròdú náà ni wọ́n sì sin ín sí nígbà tó kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Lóòótọ́, dúdú tó máa ń kùn sójú nìkan á mú ọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tẹ́tí sí i nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀, Mọ́ladùn Kẹ́ńkẹ́lẹ́wù, bá ń ṣe gbólóhùn asọ̀. Á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè. Á dákẹ́ díẹ̀. Èsì tó máa wá fọ̀ á burú ju ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án lọ, ojú rẹ̀ á sì dà bí ti ẹni tí wọ́n ń ni lára. Ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ yẹn ni àwàdà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fara wé e gba dúdú ojú, wọn ò gba ìdákẹ́jẹ́.

Èyí tí kì í pa mí lẹ́rìn-ín, má bínú sí mi, ni fíìmù tí gbogbo àwàdà inú rẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan ń kólòlò, ẹnì kan yarọ, obìnrin kan sanra. O lè rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, bóyá nítorí pé àwọn tó yí ọ ká ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n gbìyànjú kí o sọ ọ́ fún ẹlòmíràn ní ọjọ́ kejì. Kò ní sí ohun tí wàá sọ. Àwàdà tó bá ṣeé sọ lójú ọ̀nà, láìsí òṣèré níbẹ̀, tí ẹni tó gbọ́ ọ tún rẹ́rìn-ín, òun ni mo ń fún ní máàkì.

Ohun tí o kò rí ló ń dẹ́rù bà ọ́

Obìnrin ni ọ́, Ìkòròdú lo sì ń gbé, nítorí náà o ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ olùdarí eré ò tíì mọ̀. Bí wọ́n bá ti kéde pé Orò ń bọ̀ níta, kí obìnrin jókòó sílé, ìwọ àti àwọn ọmọ á wà nínú yàrá, fèrèsé á wà ní títì. Ẹ ò rí nǹkan kan. Ohùn lásán lẹ ń gbọ́ láti òkèèrè, á jìnnà, á tún sún mọ́lé. Ṣé ara rẹ kì í bù máṣọ? Wàyí o, rántí fíìmù tí iwin ti jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, tó kun ẹfun, tó dúró sínú oòrùn ọ̀sán gangan, tí a sì ń rí sílípáàsì lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kí ló kù tó máa dẹ́rù bà ọ́?

Nítorí náà, ohùn ni kí o kọ́kọ́ dán wò nínú eré adẹ́rùbani. Nígbà tí àwọn òṣèré bí Abíja àti Àgbákò bá ń fi ọfọ̀ ko ara wọn lójú, mànàmáná tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà fà kọjá kò já mọ́ nǹkan kan. Ohùn tó ń ti ìsàlẹ̀ ikùn bọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ náà. *Kòtò Ọ̀run* tí Yẹ́kínì Àjíléyé ṣe, orúkọ rẹ̀ nìkan tó láti lé ọmọdé wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tó sì wo *Agbára Ńlá* ti ìjọ òṣèré Mount Zion nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, dárúkọ Ìṣawúrú inú eré náà fún wọn lónìí, kí o wo ojú wọn. Owó tí wọ́n ná sí eré wọ̀nyẹn kò pọ̀.

Ọgbọ́n àtijọ́ kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ẹni méjì dúró, ọ̀kan pọfọ̀, èkejì pòórá. Dídá ni wọ́n dá kámẹ́rà dúró. Ẹni náà yẹ̀ kúrò, wọ́n tún tan án. Georges Méliès ti fi ọgbọ́n yìí mú obìnrin kan pòórá ní ilẹ̀ Faransé ní 1896. Kò ná èèyàn ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n má wo ẹni tó pòórá, wo igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ̀ka igi bá fò lójijì, tàbí tí òjìji tó wà lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún, a jẹ́ pé wọ́n lọ jẹun kí wọ́n tó tan kámẹ́rà padà. Wàá rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí o ti sá.

Èyí tí mo fẹ́ kí o wá rí ni *Ojuju* tí C.J. Obasi ṣe ní 2014. Owó táṣẹ́rẹ́ ló fi ṣe é, síbẹ̀ òun ló gba àmì-ẹ̀yẹ fíìmù Nàìjíríà tó dára jù lọ ní àjọ̀dún AFRIFF lọ́dún náà. Àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Èkó ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Orísun omi kan ṣoṣo ni wọ́n ní, omi náà bàjẹ́, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà di ẹ̀dá tí ń lé ẹlẹ́ran ara bíi tiwọn kiri. Kò sí ilé ńlá, kò sí iwin onífitílà lójú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà, tí kò mọ kànga tó ti wá, mọ ìdí tí eré yìí fi ń wọni lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni George Romero ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1968 pẹ̀lú *Night of the Living Dead*: owó bí 114,000 dọ́là, ilé oko kan, àti omi ṣokoléètì dípò ẹ̀jẹ̀, torí pé àwòrán dúdú àti funfun ni, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ohun tó wà nítòsí rẹ, tí o gbọ́kàn lé, ni wọ́n yí padà lé ọ lórí.

Má gbé ìbẹ̀rù fíìmù wọlé ọkọ

Níbí ni mo ti fẹ́ kí o fetí sílẹ̀ dáadáa. Àwa ará Ìkòròdú ti rí ẹ̀rù tí kì í ṣe eré. Ní 2016 sí 2017, nígbà àwọn apànìyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo, wọ́n ń wọlé tọ àwọn èèyàn lójú oorun, ọmọ ọlọ ni wọ́n sì ń lò. Àdúgbò ń ṣọ́ òru. Ìbẹ̀rù náà gbilẹ̀ débi pé ní oṣù keje 2017, èrò lu àwọn èèyàn kan pa lórí ìfura lásán, apanilẹ́rìn-ín kan sì wà lára wọn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí inú àwọn èèyàn dùn. Tí ẹnì kan tó la àsìkò yẹn já bá sọ fún ọ pé òun ò wo eré ìpànìyàn lóru, má pè é ní ojo. Wá eré mìíràn.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìbẹ̀rù kì í mọ ẹni tó jẹ̀bi. Fíìmù wa sì fẹ́ràn láti dárúkọ ẹlẹ́bi kan náà ní gbogbo ìgbà: ìyá arúgbó. *Àjẹ́ Ni Ìyá Mi* wà lára àwọn eré Yorùbá tó kọ́kọ́ jáde lórí fídíò, ní 1989, láti ìgbà náà a ò tíì jẹ́ kí ìyá sinmi. Wo eré náà o, kí ẹ̀rù bà ọ́, kí o gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá ọkọ rẹ bá ń dìde lẹ́ẹ̀mẹta lóru, ìtọ̀ ló ń lọ tọ̀. Bá a wá dókítà tó máa yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí òwò rẹ ò bá lọ dáadáa, wo ìwé owó rẹ kí o tó wo ojú ẹnikẹ́ni. Fíìmù kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ìjọba pàápàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ohun tí eré ń kọ́ni: ní 2024, àjọ NFVCB tó ń yẹ fíìmù wò kéde òfin lòdì sí eré tó bá ń ṣe oògùn owó àti ìfènìyàn-ṣètùtù bí ohun tó dára.

Bí o ṣe máa sọ ọ́ tí wọ́n á fi gbọ́

Wò ó tán kí o tó sọ̀rọ̀. Bí kò bá ṣeé wò tán, sọ ibi tí o dé kí o tó pa á. Ìyẹn náà jẹ́ èrò.

Dárúkọ ìran kan. Bí o bá sọ pé "fíìmù yẹn ò dáa rárá," ìjà lo fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ pé, "Níbi tí ọkọ ti bọ́ sínú kànga, orin ni wọ́n fi bò ó, a ò gbọ́ igbe rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi dun ẹnikẹ́ni," àwọn tó fẹ́ràn fíìmù náà á dákẹ́, wọ́n á ronú. Ẹni tó máa ta kò ọ́ náà á ní láti wá ìran tirẹ̀ wá.

Ya òṣèré sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ṣe. Má fi imú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, má bú ìyá rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti sanwó ọkọ̀ nìkan fún un.

Má tú ìparí eré síta nínú ọkọ̀ BRT. Láti Gáréèjì dé Máìlì 12, ẹni tó jókòó lẹ́yìn rẹ lè má tíì wò ó.

Lórí ọ̀rọ̀ "Ẹ pàdé wa ní apá kejì," èrò tèmi ni pé kí apá kìn-ín-ní ti san gbèsè kan fún ọ kó tó bẹ̀ ọ́ sí i. Bí wákàtí kan bá kọjá tí wọ́n ṣì ń wa mọ́tò lọ, wọ́n ń wa mọ́tò bọ̀, tí ìtàn ò kúrò lójú kan, má lọ wá apá kejì. Ẹnikẹ́ni tó bá bi ọ́, ohun tí o máa sọ nìyẹn.

Wọ́n á sì ní kí o yé sọ̀rọ̀ sí tẹlifíṣọ̀n. Ó dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ní Wakaliga, àdúgbò kan ní Kampala ní ilẹ̀ Uganda, Nabwana I.G.G. àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ṣe *Who Killed Captain Alex?* ní 2010. Owó tí wọ́n ní àwọn ná kò tó 200 dọ́là. Ọkùnrin kan wà tó ń sọ̀rọ̀ lé e lórí látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ń yin àwọn òṣèré, ó ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, ó ń kìlọ̀ fún wọn. Ohùn rẹ̀ ti di ara fíìmù náà, àwọn èèyàn káàkiri ayé sì ń wò ó nítorí rẹ̀. Òfin tèmi nínú ilé: bí o bá máa sọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ rẹ dùn ju èyí tó wà nínú eré lọ. Bí kò bá dùn tó bẹ́ẹ̀, gbé gúgúrú sẹ́nu.

Owó wọn àti ọmọ rẹ

Mo yin ọmọ abẹ́ agboòrùn lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ kò ní yẹ̀: kọ́bọ̀ kì í dé ọwọ́ ẹni tó ṣe eré láti inú mẹ́mọ́rì káàdì yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́. Bàbá Sálà kó owó ńlá lé *Ọ̀run Móoru* ní 1982. Àwọn olè fíìmù tẹ ẹ̀dà rẹ̀ sórí fídíò, wọ́n ń tà á kiri kí òun tó jèrè rẹ̀, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tó ń pa gbogbo Nàìjíríà lẹ́rìn-ín. Tí ẹni ńlá bá lè kó sínú irú wàhálà yẹn, kí lo rò pé á ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó yáwó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe eré? Nítorí náà, gbọ́ ìmọ̀ràn ọmọ náà, béèrè orúkọ fíìmù lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì wá a lọ sí ojú ìkànnì tí àwọn tó ṣe é fúnra wọn ń lò lórí YouTube. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ ọ̀fẹ́, dátà nìkan lo máa ná, owó ìpolówó á sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó làágùn.

Ní ti àwọn ọmọ, wo nọ́ńbà tí àjọ NFVCB fi sí i: 12, 15, 18. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí fíìmù ò bá ní nọ́ńbà kankan, kí àgbà kọ́kọ́ wò ó. Eré adẹ́rùbani tí ọmọ ọdún mẹ́fà bá wò lónìí, ìwọ ló máa sìn ín lọ tọ̀ lóru fún ọ̀sẹ̀ méjì. Aláwàdà ni kí ẹ jọ wò, kí ọmọ gbọ́ Yorùbá tó gbámúṣé, kó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ọ̀rọ̀ lóhùn.

Àwọn ọ̀rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tó fún eré adẹ́rùbani. Bí ẹ bá pọ̀ jù, ẹnì kan á máa dápàárá, ẹ̀rù á sá lọ. Fún aláwàdà, pe gbogbo ilé; ẹ̀rín ẹnì kan ló ń fa ti ẹlòmíràn jáde.

Bí o bá wá ń béèrè ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀, *Ọ̀run Móoru* ni kí ẹ fi ṣe ti ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, *Ojuju* ni kí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ fi ṣe ti alẹ́. Lẹ́yìn náà kí o pè mí. Bí wọ́n bá sú ọ, má bò ó fún mi, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n "kò dáa" lásán ò ní tó mi o, àbúrò mi. Ìran wo ló sú ọ, kí sì ni ìwọ ì bá ti ṣe níbẹ̀ ká ní ọwọ́ rẹ ni kámẹ́rà wà?